Ọmọńlé Inú Àpótí àti Ìrìn-àjò Ọjọ́ Mẹ́ta

Nínú Ìwé Òwe, orí 30, láti ẹsẹ 24 títí dé ẹsẹ 28, a ka ẹ̀dá mẹ́rin tí wọ́n kéré púpọ̀ lórí ilẹ̀, tí ọgbọ́n wọn sì ju ti ọ̀pọ̀ ẹ̀dá ńlá lọ. Èèrà wà nínú wọn, eéṣú wà nínú wọn, ẹ̀dá kékeré tí ń fi àpáta ṣe ilé sì wà nínú wọn. Ẹ̀kẹrin ni èyí tí ààfin ọba pàápàá kò lè sé mọ́de. Àwọn tí ó túmọ̀ Bíbélì sí èdè Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1611 pè é ní aláǹtakùn. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn ọ̀mọ̀wé tún ìtumọ̀ náà yẹ̀ wò, tí a sì tẹ Májẹ̀mú Láéláé rẹ̀ jáde ní ọdún 1885, alángbá ni wọ́n kọ sí ipò aláǹtakùn. Ní èdè Hébérù tí a ń sọ ní òde òní, ọ̀rọ̀ kan náà ni a fi ń pe ọmọńlé. Ìtumọ̀ yìí tẹ́ wa lọ́rùn, nítorí kò sí ilé kan ní Èkìtì, ìbáà ṣe ti ọba, ìbáà ṣe ti tálákà, tí ọmọńlé kò sí lára ògiri rẹ̀ nígbà tí alẹ́ bá lẹ́.

Kì í ṣe ìwàásù ni a fẹ́ ṣe nínú ìwé ìròyìn wa yìí. Ohun tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí ni ọmọńlé tí olùkọ́ mú sínú àpótí fún ẹ̀kọ́ nípa àwọn ẹ̀dá, àti ohun tí ó yẹ kí olùkọ́ náà ṣe nígbà tí ìrìn-àjò ọjọ́ mélòó kan bá dé sí i. Ó ṣeé ṣe kí ẹlòmíràn rẹ́rìn-ín, kí ó ní, "Ọmọńlé lásán-làsàn! Ta ni ń tọ́jú ọmọńlé?" A bẹ irú ẹni bẹ́ẹ̀ pé kí ó fi sùúrù gbọ́ ìtàn wa ná.

Nígbà tí a wà ní Ìfisìn-Èkìtì, ní ìhà Ìdó, fún ìdánrawò iṣẹ́ olùkọ́, a mú ọmọńlé kan lẹ́yìn àwòrán tí a fi kọ́ ara ògiri, a sì fi í sínú àpótí onídígí. Inú àwọn ọmọ dùn. Wọ́n ń kó eṣinṣin àti ìrẹ̀ wá fún un. Wọ́n ń ka ìka ẹsẹ̀ rẹ̀. Àwọn tí kì í fẹ́ kọ̀wé tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí kọ ohun tí wọ́n rí sínú ìwé. Nígbà tí ó di ọjọ́ Ẹtì kan, ìpè dé pé kí a wá síbi ìsìnkú àgbà kan ní ìlú mìíràn. A rò ó pé ọjọ́ mẹ́ta kò jẹ́ nǹkan. A da ọ̀pọ̀ ìrẹ̀ sínú àpótí kí ebi má baà pa á. A gbé e sójú fèrèsé kí ó lè rí afẹ́fẹ́. A sì sọ fún gbogbo àwọn ọmọ pé ẹnikẹ́ni tí ó bá ń kọjá kí ó máa yọjú wò ó. Lẹ́yìn náà a bá tiwa lọ.

Nígbà tí a padà ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, ìjàlọ ti kọjá níbẹ̀. Wọ́n ti gba ojú fèrèsé wọlé, wọ́n sì ti gba ihò tí a lu fún afẹ́fẹ́ bọ́ sínú àpótí. Kò ku ìrẹ̀ kan ṣoṣo. Egungun wínníwínní ni ó kù nínú ọmọńlé wa. Kò sí ọmọ tí ó yọjú wò ó ní ọjọ́ Àbámẹ́ta tàbí ọjọ́ Àìkú, nítorí iṣẹ́ tí a fún gbogbo ènìyàn, a kò fún ẹnikẹ́ni. Àwọn ọmọ dúró yí àpótí ká, ọ̀kan nínú wọn sì bi wá pé, "Tísà, bí ẹ bá ti fi í sílẹ̀ lára ògiri, ṣé kò ní sá lọ?"

A kò rí èsì fún un ní ọjọ́ náà. Èsì rẹ̀ ni àròkọ yìí. Ọmọńlé tí ó wà lára ògiri ń wá oúnjẹ fúnra rẹ̀, ó ń wá òjìji nígbà tí oòrùn bá mú, ó sì ń sá fún ọ̀tá. Ní ọjọ́ tí a bá ti ìdérí àpótí mọ́ ọn, gbogbo iṣẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì di tiwa. Ìrìn-àjò wa kò gba iṣẹ́ náà kúrò lọ́rùn wa.

Kí a tó lè mọ bí a ó ti ṣe ìtọ́jú rẹ̀, ó yẹ kí a mọ irú ẹ̀dá tí ó jẹ́. Àwọn onímọ̀ ka ọmọńlé ilé wa mọ́ ìdílé kan tí wọ́n ń pè ní Hemidactylus. Òru ni iṣẹ́ rẹ̀. Ní ọ̀sán a máa sá pamọ́ sínú ihò ògiri tàbí sẹ́yìn àpótí aṣọ. Kò ní ìpéǹpéjú tí ó lè pa dé bí tiwa, nítorí náà ahọ́n rẹ̀ ni ó fi ń nu ojú rẹ̀ mọ́. Kòkòrò ni oúnjẹ rẹ̀: àfòpiná, ẹ̀fọn, eṣinṣin, aáyán kékeré, aláǹtakùn, àti ìkán tí ń yọ ìyẹ́ tí ń fò yí iná ká lẹ́yìn òjò. Kì í jẹ ẹ̀bà, kì í jẹ búrẹ́dì, kì í sì í jẹ ewé. Abo a máa yé ẹyin funfun méjì tí èèpo wọn le, sínú ihò tàbí àlàfo tí ó gbẹ.

Nípa bí ó ti ń rìn lórí dígí àti lábẹ́ àjà, ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé oje kan wà ní ẹsẹ̀ rẹ̀ tí ó ń lẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Irun tíntìntín tí ojú lásán kò lè rí ni ó kún abẹ́ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀, orí irun kọ̀ọ̀kan sì tún pín sí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹ̀ka. Ní ọdún 2000, Kellar Autumn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà wọn agbára irun kan ṣoṣo. Ní ọdún 2002 wọ́n sì fi hàn pé agbára kékeré tí ń fa ohun méjì mọ́ra nígbà tí wọ́n bá súnmọ́ ara wọn gidigidi ni ó ń gbé ọmọńlé dúró. Ẹ̀kọ́ tí èyí kọ́ ẹni tí ó ní àpótí ni pé gíga ògiri dígí kò dá ọmọńlé dúró rárá. Ìdérí nìkan ni ó lè dá a dúró, ìdérí náà sì gbọ́dọ̀ mú ṣinṣin.

Ohun kan wà tí ó ṣe pàtàkì ju gbogbo ìwọ̀nyí lọ fún arìnrìn-àjò. Àwa ènìyàn, àti ajá, àti adìẹ, ń fi púpọ̀ nínú oúnjẹ wa dá ooru sínú ara wa. Ọmọńlé kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ibi tí ó bá wà ni ó ti ń gba ooru. Bí ibẹ̀ bá móoru, ara rẹ̀ a yá. Bí ibẹ̀ bá tutù, ara rẹ̀ a wúwo, oúnjẹ inú rẹ̀ kò sì ní dà dáradára. Nítorí pé kò fi oúnjẹ dá iná sí ara rẹ̀, oúnjẹ tí ó ń fẹ́ kéré púpọ̀ sí ti ẹyẹ tí ó bá a dọ́gba ní ìwọ̀n. Ọ̀rá tí ó fi pamọ́ sínú ìrù rẹ̀ sì wà fún ọjọ́ ìyàn. Láti inú èyí ni a ti rí i pé ebi ọjọ́ mẹ́ta kọ́ ni ọ̀tá ọmọńlé tí ara rẹ̀ dá. Àwọn ọ̀tá rẹ̀ ni òùngbẹ, oòrùn, òtútù, èèrà, àti ìtọ́jú àṣejù.

Ẹ jẹ́ kí a gbé ìtọ́jú àṣejù yẹ̀ wò, nítorí òun ni ó tàn wá jẹ. Ẹni tí ń lọ sí ìrìn-àjò a máa rò pé bí oúnjẹ ti pọ̀ tó ni àlàáfíà yóò ti pọ̀ tó. Ṣùgbọ́n ìrẹ̀ tí a kò jẹ kò ní dúró lásán. Nígbà tí ebi bá pa ìrẹ̀ tìkára rẹ̀, a máa bu ọmọńlé jẹ nígbà tí ó bá ń sùn, pàápàá ní ìka ẹsẹ̀ àti ìrù. Èyí tí ó bá kú nínú wọn a rà, òórùn rẹ̀ a sì pe èèrà wá. Nítorí náà, àwa tìkára wa ni a tẹ́ tábìlì fún ìjàlọ tí ó wá sí Ìfisìn ní òru ọjọ́ náà.

Wàyí o, ọjọ́ mélòó ni a lè fi ọmọńlé sílẹ̀? Bí ó bá jẹ́ àgbà, tí ìrù rẹ̀ sì kún, ọjọ́ 1 tàbí 2 kò fẹ́ ju omi tútù àti ibi òjìji lọ. Bí ìrìn-àjò bá jẹ́ ọjọ́ 3 tàbí 4, kí ẹnì kan máa wá fún un ní omi. Kò pọn dandan kí ó fún un ní oúnjẹ. Bí ó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó gbọ́dọ̀ ní alágbàtọ́ tí ó mọ bí a ti ń bọ́ ọ, tàbí kí a dá a padà sára ògiri. Ní ti ọmọ rẹ̀ kékeré, àti èyí tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ já ìrù rẹ̀ sílẹ̀, àti èyí tí ń ṣàìsàn, ọ̀rọ̀ wọn yàtọ̀. Ojoojúmọ́ ni ọmọ kékeré ń jẹun. Ẹni tí ó já ìrù sílẹ̀ ti pàdánù àká rẹ̀. Kò yẹ kí a fi irú wọn sílẹ̀ láìsí olùtọ́jú, kódà fún ọjọ́ 2.

Ṣùgbọ́n báwo ni a ó ti mọ èyí tí ń ṣàìsàn? Àwọn àgbà ti sọ pé gbogbo alángbá ni ó da ikùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ti ọmọńlé. Kì í ké ìrora, kì í sì í fi àìsàn rẹ̀ hàn títí yóò fi pọ̀ jù. Nítorí náà kí olùkọ́ bẹ̀rẹ̀ sí ṣàkíyèsí rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú ìrìn-àjò. Ṣé ìrù rẹ̀ kún, tàbí ó ti gbẹ bí okùn? Ṣé ojú rẹ̀ yọ, tàbí ó ti jìn wọnú? Ṣé ó ń jẹun ní alẹ́? Ṣé awọ tí ó ń bọ́ ti kúrò ní gbogbo ìka ẹsẹ̀ rẹ̀, tàbí ó ṣì di ibẹ̀ mọ́ra? Bí ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí bá burú, ohun tí ó dára jù ni kí a dá ọmọńlé ilé wa padà síbi tí a ti mú un, kí a tó dì ẹrù wa.

Bí ó bá dá wa lójú pé ara rẹ̀ le, ìmúrasílẹ̀ wa pín sí ọ̀nà márùn-ún.

Èkíní ni oúnjẹ. Kí a bọ́ ọ bí a ti ń ṣe tẹ́lẹ̀ títí di alẹ́ tí ó ṣáájú ọjọ́ ìrìn-àjò. Kí kòkòrò kọ̀ọ̀kan má tóbi ju orí rẹ̀ lọ. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, kí a kó gbogbo èyí tí ó kù kúrò, ìbáà ṣe òkú, ìbáà ṣe alààyè. Bí a bá ti ń pa á mọ́ fún ìgbà pípẹ́, ó dára kí a máa bu ìyẹ̀fun èèpo ẹyin tí a lọ̀ kúnná sí kòkòrò lára, nítorí egungun rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọjọ́ ìrìn-àjò kọ́ ni ọjọ́ tí a ń bẹ̀rẹ̀ ohun tuntun.

Èkejì ni omi. Ìdérí ìgò kan tí kò jìn tó fún un láti rì sínú rẹ̀ tó fún un. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọmọńlé kò mọ omi inú àwo. Ohun tí wọ́n mọ̀ ni ẹ̀kán omi tí ó wà lára ògiri bí ìrì, èyí tí wọ́n ń lá. Nítorí náà kí a máa wọ́n omi díẹ̀ sí ara dígí ní ìrọ̀lẹ́. Ní ìgbà ọyẹ́, nígbà tí ètè àwa pàápàá ń là, omi yìí ṣe pàtàkì ju ti ìgbàkígbà lọ, nítorí afẹ́fẹ́ gbígbẹ ni kì í jẹ́ kí awọ tí ó ń bọ́ kúrò dáradára.

Ẹ̀kẹta ni ibi tí a gbé àpótí sí. Kí ó jìnnà sí ojú fèrèsé. Oòrùn tí ó bá ta lu dígí fún wákàtí kan lè sọ inú àpótí di ààrò, ẹni tí ó wà nínú rẹ̀ kò sì ní ibi tí yóò sá lọ. Kí a fi àpáàdì kan tàbí èèpo igi sínú rẹ̀, kí ó lè wọ abẹ́ rẹ̀ sùn ní ọ̀sán. Ní òru ọyẹ́, kí a gbé e kúrò níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń wọlé, kí a sì fi aṣọ bo ìdajì rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe tan fìtílà tàbí àbẹ́là sílẹ̀ nítorí rẹ̀ nínú ilé tí kò sí ènìyàn. Ilé tí ó jó ju òtútù òru kan lọ.

Ẹ̀kẹrin ni èèrà. Kí a gbé àpótí lé orí tábìlì tí kò kan ògiri, kí a sì ti ẹsẹ̀ tábìlì kọ̀ọ̀kan bọ inú agolo tí omi wà nínú rẹ̀. Bí aṣọ tábìlì bá kan ilẹ̀, tàbí bí okùn kan bá so mọ́ ọn láti òkè, èèrà ti rí afárá. Kí a fi àwọ̀n tí ojú rẹ̀ há bo ihò afẹ́fẹ́. Agolo mẹ́rin àti omi díẹ̀ ni ìbá gba ọmọńlé wa là ní Ìfisìn.

Ẹ̀karùn-ún ni oògùn kòkòrò. Ọ̀pọ̀ ilé ni a ti ń fín oògùn ẹ̀fọn ní alẹ́, tàbí tí a ń da ọ̀tàpiàpiá sí igun ilé nítorí aáyán. Ohun tí ń pa kòkòrò lè pa ẹni tí ń jẹ kòkòrò. Kí a má ṣe mú kòkòrò wá fún un láti inú yàrá tí a ti fín, kí a má sì fi àpótí rẹ̀ sínú irú yàrá bẹ́ẹ̀ nígbà tí a kò sí nílé.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ alágbàtọ́ kàn. Kí ó jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo, kí a sì mọ̀ ọ́n ní orúkọ. Kí ó má jẹ́ ẹni tí ń bẹ̀rù ọmọńlé, nítorí ìgbálẹ̀ ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ yóò kọ́kọ́ mú bí ó bá rí i tí ó jáde. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ènìyàn wa gbà pé májèlé wà lára ọmọńlé, pé bí ó bá já sínú ọbẹ̀, ẹni tí ó jẹ ẹ́ yóò kú. Òtítọ́ ibẹ̀ ni pé ọmọńlé kò ní oró kankan, ìbáà ṣe ní eyín, ìbáà ṣe ní awọ. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà kò ṣìnà pátápátá tí wọ́n fi kọ ọbẹ̀ náà sílẹ̀. Kòkòrò àrùn tí a ń pè ní Salmonella lè wà nínú ìgbẹ́ rẹ̀, àti lára rẹ̀, láìjẹ́ pé òun tìkára rẹ̀ ń ṣàìsàn. A sì máa fa inú rírun àti ìgbẹ́ gbuuru, pàápàá fún àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5. Irú àrùn yìí ni ó mú kí ìjọba Amẹ́ríkà fi òfin de títa àwọn ìjàpá kékeré ní ọdún 1975. Nítorí náà, kí alágbàtọ́ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ rẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́, kí a má sì gbé àpótí sí ilé ìdáná. Bí a bá ti ṣe èyí, ìbẹ̀rù kò sí mọ́.

Kí a mú alágbàtọ́ náà wá síwájú àpótí ní ọjọ́ kan ṣáájú, kí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe iṣẹ́ náà lójú wa. Lẹ́yìn náà kí a kọ ìwé kékeré lé ara àpótí. Àpẹẹrẹ kan nìyí, tí a kọ sí ìyá kan tí ń gbé nítòsí:

"Ìyá wa, ẹ kú àánú wa. Ní ìrọ̀lẹ́ Àbámẹ́ta àti ìrọ̀lẹ́ Àìkú, ẹ jọ̀wọ́ ẹ da omi àná nù, kí ẹ sì bu tuntun sínú ìdérí ìgò. Ẹ wọ́n omi díẹ̀ sí ara dígí. Ẹ rí i pé omi ṣì wà nínú agolo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹ má ṣe fún un ní oúnjẹ kankan. Bí ẹ kò bá rí i, abẹ́ àpáàdì ni ó wà. Ẹ má ṣe ṣí i wò. Ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n fín oògùn ẹ̀fọn níbẹ̀. Kí ẹ pa ìdérí dé, kí ẹ sì fọ ọwọ́ yín. Ní òwúrọ̀ Ajé a ó dé, bí Olúwa bá fẹ́."

Ẹ kíyèsí i pé ohun tí a ní kí ó má ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ pọ̀ tó ohun tí a ní kí ó ṣe. Alágbàtọ́ tí inú rẹ̀ dára a máa fẹ́ ṣe ju bí a ti bẹ̀ ẹ́ lọ: yóò fẹ́ gbé ọmọńlé sọ́wọ́ kí àwọn ọmọ rẹ̀ lè rí i, yóò fẹ́ fún un ní ẹran díẹ̀. Bí a bá di ìrù ọmọńlé mú, yóò já a sílẹ̀ láti gba ara rẹ̀ là. Òmíràn yóò hù, ṣùgbọ́n kò ní rí bíi ti àkọ́kọ́, ọ̀rá tí ó ti kó jọ sínú rẹ̀ sì ti ṣòfò.

Àwọn kan nínú àwọn òǹkàwé wa ní ẹbí ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí ní Amẹ́ríkà, níbi tí a ti ń ra ọmọńlé bí ẹni ra ológbò. Oríṣi méjì ni wọ́n fẹ́ràn jù. Ọ̀kan ni èyí tí ara rẹ̀ tò bí ti àmọ̀tẹ́kùn, tí ó wá láti ìhà Pakistan, Afghanistan àti Íńdíà. Èkejì jẹ́ ará Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà wa níhìn-ín, oníru sísanra, tí a ń rí láti Sẹ̀nẹ̀gà títí dé Kamẹrúùnù. Hemitheconyx caudicinctus ni orúkọ tí àwọn onímọ̀ fún un. Tógò, Bẹ̀nẹ̀ àti Gánà wà lára àwọn ilẹ̀ tí a ti ń kó irú rẹ̀ lọ sí òkè òkun, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé a ti ń bí ọ̀pọ̀ rẹ̀ nínú ilé lọ́hùn-ún. Ilẹ̀ ni àwọn méjèèjì ń rìn. Wọn kò lè gun dígí. Wọ́n sì ní ìpéǹpéjú. Nítorí ìrù wọn tí ó kún fún ọ̀rá, àgbà wọn tí ara rẹ̀ le lè gba ọ̀sẹ̀ kan láìjẹun, bí omi àti ooru bá wà.

Ooru yìí ni ìyàtọ̀ ńlá tí ó wà láàárín wọn àti àwa. Ní Ìfisìn, oòrùn tí ó pọ̀ jù ni a ń sá fún. Ní Lọ́ńdọ̀nù nígbà òtútù, bí a bá pa iná mànàmáná ilé nítorí ìrìn-àjò, a ti pa ọmọńlé. Nítorí náà wọ́n ń fi ẹ̀rọ kan mú ooru apá kan àpótí dúró ní bí 32 lórí òṣùwọ̀n Celsius, kí apá kejì tutù jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ẹ̀dá náà lè yan èyí tí ó wù ú. Kí ẹni tí ń lọ má ṣe fọwọ́ kan ẹ̀rọ náà.

Òfin pàápàá ti dá sí ọ̀rọ̀ yìí lọ́hùn-ún. Òfin ìtọ́jú ẹranko ti ọdún 2006, tí ó wà fún ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wales, kò yọ ọmọńlé tí a ń sìn sílẹ̀. Ó ka alágbàtọ́ ọjọ́ díẹ̀ sí ẹni tí ẹranko wà lọ́rùn rẹ̀; ṣùgbọ́n ó ka olówó ẹranko sí bẹ́ẹ̀ nígbà gbogbo, ìbáà wà nílé, ìbáà wà lẹ́yìn odi. Ohun tí ọmọ kékeré Ìfisìn bi wá kò jìnnà sí ohun tí àwọn aṣòfin wọ̀nyẹn kọ.

Àwa tí a wà nílé ní àǹfààní kan tí àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù kò ní. A lè dá ọmọńlé wa sílẹ̀. Kí a ṣe é ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí oòrùn ti wọ̀, lára ògiri tí a ti mú un gan-an. Ẹni tí ó ra ẹ̀dá ilẹ̀ òkèèrè kò gbọ́dọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí ó lè kú, tàbí kí ó bí sí i kí ó sì gba ilé lọ́wọ́ àwọn tí ó bá níbẹ̀. Hemidactylus mabouia, ọmọ Áfíríkà, ti di onílé ní Brazil, ní àwọn erékùṣù Caribbean àti ní Florida báyìí. Ènìyàn àti ẹrù wa ni wọ́n bá rìn dé ọ̀pọ̀ ilẹ̀.

Nígbà tí a bá padà dé, kí a má ṣe sáré da oúnjẹ sí i. Kí a kọ́kọ́ wo omi, kí a wo ojú àti ìrù rẹ̀, kí a kó ìgbẹ́ kúrò. Ìgbẹ́ dúdú tí funfun wà ní ìdí rẹ̀ jẹ́ àmì rere. Kí a fún un ní kòkòrò méjì tàbí mẹ́ta ní alẹ́, kí a sì dúró wò ó bí ó ti ń jẹ ẹ́. Kí a má sì gbàgbé láti dúpẹ́ lọ́wọ́ alágbàtọ́.

Ẹ̀yin ará wa, ọ̀pọ̀ nínú wa ni yóò di olùkọ́ láìpẹ́, tí a ó fi ọmọ ọlọ́mọ lé lọ́wọ́. Ìwé Òwe, orí 12, ẹsẹ 10, ti fi ìtọ́jú ẹran ọ̀sìn ṣe àmì tí a fi ń mọ olódodo. Àwọn ọmọ kò ní rántí gbogbo ohun tí a kọ sára pátákó nípa ọmọńlé. Ṣùgbọ́n wọn yóò rántí bí a ti ṣe sí i ní ọjọ́ tí ọ̀nà jíjìn pè wá. Nígbà tí a tún mú ọmọńlé mìíràn ní Ìfisìn, ọmọ tí ó bi wá léèrè ni a fi ṣe olùṣọ́ agolo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Nígbà tí ìsimi dé, òun náà ni ó ṣí ìdérí lẹ́bàá ògiri ní ìrọ̀lẹ́. Ọmọńlé náà dúró díẹ̀, ó fi ahọ́n nu ojú rẹ̀, ó sì gun ògiri lọ sẹ́yìn àwòrán.